Àyẹ̀wò OEIS, àkójọ ọ̀wọ́ nọ́ńbà, tí a fi 256 dán wò

Ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè kọ nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí, tí wọn yóò sì sọ fún un irú ọ̀wọ́ tí àwọn nọ́ńbà náà ti wá, èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé wọn, àti ìdí tí ẹnikẹ́ni fi jókòó kà wọ́n rárá. Orúkọ rẹ̀ ni On-Line Encyclopedia of Integer Sequences, tí àwọn tó ń lò ó ń gé kúrú sí OEIS, oeis.org sì ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ènìyàn kò sì nílò láti forúkọ sílẹ̀ kó tó wá nǹkan níbẹ̀. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ayé, kí n sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dán an wò, ìyẹn 256, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mo yan nọ́ńbà yìí nítorí pé òun ni iye odù Ifá, òun náà ni iye ohun tí báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà lè sọ, ó sì tún máa ń yọjú níbi tí a kò ti retí rẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ irú àkójọ báyìí ni bóyá ó lè bá ènìyàn ya ìyọjú kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí pé nọ́ńbà kan náà lè gba ọ̀nà méjì tí kò bára tan dé iwájú wa.

Neil Sloane ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1964, nígbà tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ó bá ọ̀wọ́ kan pàdé nínú iṣẹ́ rẹ̀, 0, 1, 8, 78, 944, 13800, ó sì fẹ́ mọ bí yóò ṣe máa pọ̀ sí i bó ti ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n kò rí ìwé kankan tó to irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ tí ènìyàn lè wò. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í to wọn jọ fúnra rẹ̀, ó sì kó wọn sórí páálí oníhò tí kọ̀ǹpútà ìgbà náà ń kà. Ìwé àkọ́kọ́ tó ti inú rẹ̀ jáde ní 1973 ní ọ̀wọ́ 2,372. Èkejì, tí òun àti Simon Plouffe jọ ṣe ní 1995, ní 5,488. Ní 1996 ni gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2009 ni àjọ kan tí kò wá èrè, OEIS Foundation, ti wà láti máa bójú tó o, àwọn ọ̀wọ́ tó wà nínú rẹ̀ báyìí sì ti lé ní 370,000. Ọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, A000435 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà A pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pé 100,000 ní ọdún 2004, wọ́n fi A100000 sílẹ̀ fún àwọn àmì tí ẹnìkan gé sára egungun Ishango, èyí tí Jean de Heinzelin wú jáde ní Kóńgò ní 1950, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 20,000 ọdún. Inú mi dùn sí yíyàn náà, nítorí pé kò sí ohun tó bójú mu ju kí ipò tó níyì jù lọ nínú àkójọ ìkà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kà kí ìwé tó dé, tí kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ti lílò, àpótí kan ṣoṣo ló wà lójú-ewé àkọ́kọ́. Bí ènìyàn bá kọ 256 nìkan síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì ni yóò jáde, mẹ́wàá mẹ́wàá lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó wọ ọjà Bódìjà tó sì ní kí wọ́n fi oúnjẹ han òun. N kò ka èyí sí àbùkù àkójọ náà, nítorí pé nọ́ńbà ẹyọ kan jẹ́ ìbéèrè tó fẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni ọ̀wọ́, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn kọ 256 pọ̀ mọ́ àwọn tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó fi àmì kọ́mà pín wọn níyà. Kọ 1, 4, 16, 64, 256, wọn yóò fi A000302 hàn ọ́, níbi tí a ti ń fi 4 lọ́po ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ 1, 16, 81, 256, wọn yóò mú ọ lọ sí A000583, níbi tí a ti fi ara nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí 256 sì jẹ́ ìpín ti 4. Kọ 1, 4, 27, 256, 3125, A000312 ni yóò jáde, ọ̀wọ́ tí a fi 2 méjì lọ́po ara wọn, tí a fi 3 mẹ́ta lọ́po ara wọn, tí a fi 4 mẹ́rin lọ́po ara wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ojú-ewé àwọn nọ́ńbà tí a fi ara wọn lọ́po lẹ́ẹ̀mejì, A000290, ni a ti tún máa rí i gẹ́gẹ́ bí 16 lọ́nà 16, èyí tó tún jẹ́ àròpọ̀ nọ́ńbà aláìdọ́gba mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́, láti 1 dé 31.

Ibi tí 256 ti fìdí kalẹ̀ jù lọ ni A000079, ọ̀wọ́ ìlọ́po méjì: 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256. Ojú-ewé yìí gùn gan-an, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo máa ní kí ẹni tuntun kọ́kọ́ kà, nítorí pé àlàyé orí rẹ̀ ń ṣí ìlẹ̀kùn sí ọ̀pọ̀ àbùdá tí ènìyàn kò ní rò pé irú nọ́ńbà tó rọrùn báyìí ní. Mú ti àwọn tó lè pín in dọ́gba. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128 àti 256 fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, tí a ro ìyókù pọ̀, 255 ni yóò jẹ́, ìyẹn ni pé ó ku ẹyọ kan péré kó dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀ bí 6 ti ṣe, tí 1, 2 àti 3 pa pọ̀ jẹ́ 6. Gbogbo nọ́ńbà inú ọ̀wọ́ ìlọ́po méjì ló máa ń ku ẹyọ kan báyìí. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó rí nọ́ńbà mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó fi ẹ̀rí hàn pé kò lè sí.

Àbùdá kejì rọrùn ju èyí lọ, ó sì ní ẹ̀rí tó ṣe é sọ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ni a lè kọ gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ léra: 15 jẹ́ 7 àti 8, ó tún jẹ́ 4, 5 àti 6, 255 jẹ́ 127 àti 128, 257 jẹ́ 128 àti 129. Ṣùgbọ́n 256 tó wà láàárín wọn kò ṣe é kọ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí a gbìyànjú tó. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ro àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ léra pọ̀, tí a sì sọ àròpọ̀ náà di ìlọ́po méjì, a óò rí iye tí wọ́n jẹ́ lọ́nà àpapọ̀ ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà aláìdọ́gba tó ju 1 lọ. Ìlọ́po méjì 256 ni 512, kò sì sí nọ́ńbà aláìdọ́gba kankan tó lè pín 512 àfi 1. Irú ẹ̀rí báyìí kì í sábà sí lójú-ewé OEIS ní kíkún. Gbólóhùn kan ni wọ́n máa fi sọ àbùdá náà, wọn a sì fi ènìyàn sílẹ̀ láti ronú ìdí rẹ̀, tàbí kí wọ́n tọ́ka sí ìwé tí àlàyé wà. Olùkọ́ lè fẹ́ràn èyí, nítorí pé iṣẹ́ àṣetiléwá ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ń dá kọ́ ara rẹ̀ lè rí i bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú.

Ibi tí àkójọ náà ti gba ìyìn tó ga jù lọ́wọ́ mi ni ti òbìrí. Ya òbìrí kan, fi àmì sí etí rẹ̀, kí o sì fa ìlà tààrà láti orí àmì kọ̀ọ̀kan lọ sórí gbogbo àwọn yòókù, lọ́nà tí ìlà mẹ́ta kò fi ní pàdé lójú kan náà nínú òbìrí. Ka iye abala tí àwọn ìlà náà pín inú òbìrí sí. Bí àmì bá jẹ́ kan, abala kan ni, bí ó bá jẹ́ méjì, abala 2, mẹ́ta, 4, mẹ́rin, 8, márùn-ún, 16. Ọmọléèwé tó bá dé ibí yìí ti ju pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ti mọ̀ pé 32 ló kàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fara balẹ̀ kà á ní àmì mẹ́fà, 31 ni yóò rí, kò sì sí abala tó sọnù. Kọ 1, 2, 4, 8, 16 sínú OEIS, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀wọ́ ni yóò kó wá, tí A000079 àti A000127, ti òbìrí, jọ wà lára wọn. Fi 31 kún un, ọ̀wọ́ ìlọ́po méjì yóò kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ tí ń kọ́ ènìyàn pé nọ́ńbà márùn-ún kò tó láti fi dá òfin, kò sí èyí tó yára tó o.

Ohun tó wá mú kí 256 ṣe pàtàkì níbí ni pé bí a bá ń bá A000127 lọ, 31, 57, 99, 163, nọ́ńbà tó kàn, ní àmì mẹ́wàá, jẹ́ 256. Ọ̀wọ́ tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà ìlọ́po méjì láti ìgbà àmì mẹ́fà tún padà wá fẹsẹ̀ kan ojú ọ̀nà náà. Fọ́múlà tó wà lójú-ewé náà jẹ́ kí a rí ìdí rẹ̀. Iye abala jẹ́ 1, pẹ̀lú iye ìlà, pẹ̀lú iye ibi tí ìlà méjì ti kọjá lára ara wọn. Àmì mẹ́wàá bí ìlà 45, nítorí pé méjì méjì ni a ń so wọ́n pọ̀. Àmì mẹ́rin-mẹ́rin ló sì ń bí ibi ìkọjá kan, èyí tó jẹ́ 210 nígbà tí a bá ń ṣa mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ro 1, 45 àti 210 pọ̀. A tún lè gba ẹ̀yìn wò ó, nítorí pé àròpọ̀ kan náà ni 1, 9, 36, 84 àti 126, tí wọ́n jẹ́ nọ́ńbà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 àti 9 nínú onígun mẹ́ta Pascal, ìyẹn àtò nọ́ńbà tí 1 wà ní etí méjèèjì ìlà kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà yòókù sì jẹ́ àròpọ̀ àwọn méjì tó wà lókè rẹ̀. Mẹ́wàá ni gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìlà yẹn, 512 sì ni àròpọ̀ wọn. Márùn-ún àkọ́kọ́ àti márùn-ún ìkẹyìn jẹ́ àwòrán ara wọn, nítorí náà ìdajì ni a mú, ìdajì 512 sì ni 256. Ẹni tó bá sọ pé 256 yọjú nínú òbìrí nítorí pé ìlọ́po méjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ṣì í. Ìgékúrú kan ló ṣẹlẹ̀ tó bọ́ sí ìdajì gẹ́lẹ́.

Pańpẹ́ kejì tún wà nítòsí nọ́ńbà yìí, àwọn ọ̀gá ìṣirò gan-an ló sì kó sí i. Ọ̀wọ́ A001146 ni 2, 4, 16, 256, 65536, níbi tí a ti ń fi ara nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀ láti rí èyí tó kàn. Fi ẹyọ kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò di 3, 5, 17, 257, 65537, àwọn nọ́ńbà tí a mọ̀ sí ti Fermat, tí wọ́n wà ní A000215. Kò sí èyí tí ohunkóhun lè pín dọ́gba nínú àwọn márààrún àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Pierre de Fermat gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí títí láé. Ní ọdún 1732 ni Leonhard Euler fi hàn pé èyí tó kàn, 4294967297, jẹ́ 641 lọ́nà 6700417. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó rí ìkẹfà tí kò ṣe é pín, nítorí náà A019434, tó jẹ́ ojú-ewé àwọn tí kò ṣe é pín nìkan, kò ní ju nọ́ńbà márùn-ún lọ. Ó jẹ́ ìgbádùn pàtàkì láti ṣí ojú-ewé kan tí nọ́ńbà orí rẹ̀ kéré tó báyìí, tí àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gùn.

Mo dé orí Ifá, tó jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa 256. Odù kọ̀ọ̀kan ní apá ọ̀tún àti apá òsì, apá kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ àmì ẹyọ kan tàbí àmì méjì. Yálà babaláwo dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí àwọn ojú rẹ̀ ṣí tàbí dojú dé, tàbí ó fi ikin mẹ́rìndínlógún tẹ̀ ẹ́ sórí ọpọ́n, tí èyí tó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́ mú kó tẹ méjì, tí èyí tó bá ku méjì mú kó tẹ ẹyọ kan, ìpinnu onípín méjì ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹjọ. Méjì mẹ́jọ tí a fi lọ́po ara wọn ni 256: ojú odù mẹ́rìndínlógún tí apá méjèèjì wọn bára mu, àti ọmọ odù 240. Ohun tí OEIS fi kún èyí ni bí a ṣe lè pín wọn. Nínú onígun mẹ́ta Pascal, A007318, ìlà tó bá mẹ́jọ mu ni 1, 8, 28, 56, 70, 56, 28, 8, 1, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 256. Ó ń sọ pé odù kan ṣoṣo ni kò ní àmì ẹyọ kan rárá, ìyẹn Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Mẹ́jọ ló ní ojú ẹlẹ́yọ kan ṣoṣo. Títí a ó fi dé Èjì Ogbè, tí gbogbo ojú rẹ̀ mẹ́jọ jẹ́ ẹlẹ́yọ.

Àárín ló dùn jù. Aadọ́rin odù ló ní ojú ẹlẹ́yọ mẹ́rin àti ojú eléjì mẹ́rin, 70 yìí sì wà ní A000984, ọ̀wọ́ àwọn nọ́ńbà àárín onígun mẹ́ta náà: 1, 2, 6, 20, 70. Ẹni tó mọ odù lè kà wọ́n láìlo kọ̀ǹpútà. Méjì wá láti ọ̀dọ̀ Ogbè àti Ọ̀yẹ̀kú, bí ọ̀kan bá wà ní ọ̀tún tí èkejì wà ní òsì, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Mẹ́rìndínlógójì wá láti ọ̀dọ̀ Ìwòrì, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún, àwọn mẹ́fà tí apá wọn ní ẹyọ méjì, èyíkéyìí nínú wọn sì lè bá èyíkéyìí pọ̀. Méjìlélọ́gbọ̀n tó kù jẹ́ ti Ọ̀bàrà, Ọ̀kànràn, Ìká àti Òtúrúpọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan ṣoṣo, bí wọ́n bá pàdé Ògúndá, Ọ̀sá, Òtúrá àti Ìrẹtẹ̀, tí wọ́n ní ẹyọ mẹ́ta, ní ọ̀tún tàbí ní òsì. Ipò ọ̀tún àti òsì ṣe pàtàkì, nítorí pé Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè. Ká ní kò ṣe pàtàkì ni, ọmọ odù 240 ì bá di 120, àpapọ̀ wọn pẹ̀lú ojú odù ì bá sì jẹ́ 136, nọ́ńbà tí a ó bá ní A000217 láàárín àwọn tí a fi ń ro 1, 2, 3, 4 pọ̀ títí dé ibi tí a bá fẹ́. 136 ni àròpọ̀ wọn títí dé 16.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un níbí. Ó wọ́pọ̀ kí a máa gbọ́ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, wọ́n a sì fi 256 ṣe ẹ̀rí. Báìtì ní ibi mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, nítorí náà ó lè sọ nǹkan 256, láti 0 dé 255, òun náà ni ìdí tí pupa, ewé àti aró inú àwòrán orí fóònù fi sábà ń ní ìpele 256 lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni pé báìtì àti odù ń ka ohun kan náà, ìyẹn ìpinnu onípín méjì mẹ́jọ, ìbátan wọn sì sún mọ́ra ju ti odù àti òbìrí lọ, tí ọ̀nà mìíràn pátápátá gbé dé 256. Ṣùgbọ́n bí ìkà bá bára mu, kò sọ pé ọ̀kan ni baba èkejì. Ìyì Ifá wà nínú ẹsẹ tí babaláwo ń kọ́ sórí fún odù kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò sí ọ̀wọ́ nọ́ńbà kankan tó lè tò ó.

Mo ní àwọn ẹ̀sùn díẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ojú-ewé àwọn ọ̀wọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gé kúrú bí i ti ìwé ìránṣẹ́ wáyà ni pẹ̀lú, àmì ìṣirò sì pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọn kò túmọ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí ìkà ti bẹ̀rẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú: ní A000079, 0 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò, nítorí náà 256 wà ní ipò 8, ní A000127, 1 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, 256 sì wà ní ipò 10, ẹni tí kò bá wo ìlà kékeré tó sọ èyí yóò fi fọ́múlà ṣírò ohun tí kò tọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ìsàlẹ̀ ojú-ewé wúlò, bí "core" fún ọ̀wọ́ tó jẹ́ òpó, "nice" fún èyí tó gbádùn mọ́ni, àti "base" fún èyí tí àbùdá rẹ̀ kò ju bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n hàn sókè, níbi tí ojú ọmọléèwé ti máa kọ́kọ́ dé. Ẹ̀bùn kan tí mo rò pé kò wúlò tẹ́lẹ̀, tó sì wù mí báyìí, ni bọ́tìnì tó ń sọ ọ̀wọ́ di ohùn orin. A máa ń gbọ́ ọ nínú rẹ̀ bí ọ̀wọ́ kan ṣe ń yára gòkè tí òmíràn sì ń ṣe wọ́rọ́kọ́.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù kan ohun tí àkójọ náà kà sí pàtàkì. Bí a bá ka iye ìgbà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fara hàn nínú OEIS, tí a sì ya á sórí àwòrán, ìkùukùu àmì méjì ni yóò hàn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àlàfo sì wà láàárín wọn. Philippe Guglielmetti ló kíyè sí i ní 2009, Nicolas Gauvrit, Jean-Paul Delahaye àti Hector Zenil sì kọ àlàyé pé ìfẹ́ àwọn ènìyàn ní ipa nínú rẹ̀: àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín àti àwọn ìlọ́po bí 256 ń gba òkè nítorí pé àwọn ni àwọn onímọ̀ ń lé kiri. Ní ọdún 2009 kan náà, Nathaniel Johnston tọ́ka sí 11630 gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tó kéré jù tí kò tíì fara hàn nínú ọ̀wọ́ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó rí i pé 256 ní èsì tó pọ̀ má tètè rò pé Ọlọ́run fi ọlá pàtàkì wọ̀ ọ́. Díẹ̀ nínú ọlá náà, àwa la fún un.

Ẹnikẹ́ni lè dá ọ̀wọ́ tuntun lábàá lẹ́yìn tó bá ti ṣí àkáǹtì. Àwọn olóòtú tí kò gba owó ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a béèrè ìbéèrè, wọn a ní kí ẹni náà tún un kọ, ó sì hàn nínú bí àwọn ojú-ewé ṣe mọ́ pé ọwọ́ wọn le. Fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, mo gbà pé kò sí ohun tó dára jù ú lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àfi kí àgbà kan jókòó tì í. Ní ti dátà, ọ̀rọ̀ lásán ló pọ̀ jù lójú-ewé náà, nítorí náà ó ń ṣí kánkán lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìlà gígùn máa ń fọ́ lójú kékeré. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣe ségesège lè wa fáìlì stripped.gz sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ìkànnì náà, gbogbo ọ̀wọ́ ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà A wọn, pẹ̀lú names.gz tó ní orúkọ wọn, kó sì máa wá ohun tó fẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá.